Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo da ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nù kó tó ṣeé mu

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Bàbá mi ló fà á. Nígbà tó ku oṣù méjì tí wọn yóò pé ọgọ́rin ọdún, mo bi wọ́n pé kí ni wọn yóò fi ṣe ọjọ́ ìbí wọn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bíà inú ìgò, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ìyá àwọn máa ń pọn ni ó ń wu àwọn. Okota tí à ń gbé yìí, ilé ọtí kò jìnnà síra lójú ọ̀nà Ago Palace Way, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ń ta ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ni mo bá ní èmi fúnra mi ni n ó pọn ọn. Mo rò pé bí ẹni ń ṣe ògì ni.

Mo ra àgbàdo kóńgò méjì lọ́jà Ìsọlọ̀, mo rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, mo dà á sínú àpò, mo fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀ nígun ilé ìdáná kó lè hù. N kò ṣí i wò títí di ọjọ́ kẹrin. Ìgbà tí n ó fi ṣí i, díẹ̀ ti hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ti bu, ó hu nǹkan funfun àti àwọ̀ ewé bí irun. Owó rẹ̀ dùn mí. Mo fẹ́ ṣà á, kí n fọ̀ ọ́, kí n sè é, mo ní iná á pa ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú ilé wa, tí wọ́n ti pọntí rí kí wọ́n tó wá sí Èkó, ló dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ̀dé, dà á nù. Owó àgbàdo kò tó owó oògùn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àgbàdo tó bá bu lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná kò sì lè pa á tán. Ní ọdún 2004, àgbàdo tó ní májèlé yìí pa ènìyàn 125 ní Kenya. Èyí tó tún bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ṣẹlẹ̀ ní Chitima, ní orílẹ̀-èdè Mozambique, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015. Àwọn tó wá síbi ìsìnkú mu ọtí àgbàdo tí wọ́n pọn nílé. Ènìyàn 75 ló kú, ẹni tó pọn ọtí náà sì wà lára wọn. Àwọn kan ń sọ pé ńṣe ni ẹnì kan da òróòro ọ̀nì sínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, májèlé tí kòkòrò àìfojúrí ṣe sínú ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti bàjẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan, ìyẹ̀fun tí wọn kò dà nù ni.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ń bomi tútù wọ́n àgbàdo náà láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń yí i ká kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ó hù dáadáa. Mo sá a gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo sì dà á sínú omi tó ń hó yaya. Ó ṣàn bí omi ògì, kò dùn rárá, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ti kan gógó. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àgbàdo bá ń hù, èròjà kan máa ń jáde nínú rẹ̀ tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà. Omi híhó máa ń pa èròjà náà. Bí kò bá sì sí ṣúgà, kí ni ìwúkàrà yóò sọ di ọtí?

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dùn, mo sì yọ̀ jù. Mo rọ ọ́ sínú ike kó tó hó tán, mo dé e pinpin. Lóru, ìdérí ta bí ìbọn, ọtí ta dé òkè àjà. Wákàtí díẹ̀ ṣáájú, àbíkẹ́yìn mi ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní ìgò ni mo fi sí ńkọ́? Ọtí tó ṣì ń hó máa ń mú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà.

Bí mo ṣe ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé. Ẹ fi omi híhó ife méjì àti omi tútù ife kan lú ara wọn, títí yóò fi tó po ìyẹ̀fun àgbàdo tó hù náà. Ẹ pò ó, ẹ dé e, ẹ fi aṣọ wé ìkòkò náà fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sè é kó hó dáadáa. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ fi asẹ́ tó mọ́ sẹ́ ẹ sínú ìkòkò tí ẹ ti fi omi híhó fọ̀. Ẹ fi ìwúkàrà búrẹ́dì bí ìdajì ṣíbí kékeré sí i, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ má fi ọmọrí dé e. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ gbé e sínú fíríìjì, láìdé e pinpin. Bí ọjọ́ méjì mìíràn bá kọjá, ẹ da èyí tó kù nù.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mo sọ o, n kò sọ ògógóró. Ẹ má ṣe dán ọtí sísè bí ògógóró wò nílé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọtí tó ní methanol fọ́ àwọn ènìyàn lójú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Ondo, ó sì pa wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ máa ń dùn lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n ọtí ni. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ wọn kò lè tó. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹ̀yin àgbà tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn oorun, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín.

Èmi náà bi dókítà bàbá mi, wọ́n ní ife kékeré kan ti tó. Lọ́jọ́ náà, bàbá mu ún, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára. Àmọ́ ti ìyá mi kan ju báyìí lọ."

Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ìlera lọrọ̀.