Ìdúpẹ́ Kò Gbọdọ̀ Dúró De Ọjọ́ Ìgboyè

Àṣà kan wà láàárín àwa Kristẹni tí ó yẹ kí a gbé sórí òṣùwọ̀n. Bí ọmọ ìjọ kan bá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì, àwọn ẹbí a máa ra aṣọ kan náà, ìlù a máa dún, wọn a sì jó tẹ̀lé e lọ síwájú pẹpẹ. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹ́rìí pé kì í ṣe nípa agbára òun, Olúwa nìkan ni ó ṣe é. A kò sọ pé èyí burú. Ṣùgbọ́n a ń sọ ọ́ gbangba pé ọpẹ́ tí ó dúró títí a fi wọ ẹ̀wù oyè ti pẹ́ kí ó tó dé. Àti pé ọpẹ́ tí ó dárúkọ Ọlọ́run kí ó lè gbàgbé ènìyàn, kì í ṣe ọpẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí oyè yìí jẹ́. Ẹni tí ń kàwé gba oyè àkọ́kọ́ ń kọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀. Ẹni tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ní láti mú ohun tí a kò tíì mọ̀ jáde, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí rẹ̀. Ta ni ó dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí? Olùkọ́ kan ka ìwé náà ní àkàtúnkà, ó sì ń tọ́ka sí àṣìṣe. Olùtọ́jú ilé ìkàwé wá ìwé tí eruku ti bò kàn. Àgbà kan ní abúlé fi oko rẹ̀ sílẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè. Aya tàbí ọkọ dá ẹrù ilé gbé. Àwọn baba wa sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tí ó bá wí pé kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú iṣẹ́ òun, ó jẹ gbèsè púpọ̀, ó sì ti sá fún àwọn olówó.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé, “Ọlọ́run ni orísun gbogbo rere, kí ni a tún ń ka orúkọ ènìyàn sí?” Òtítọ́ ni pé Òun ni orísun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó fi ń rán oore, ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti kí ìránṣẹ́ kò bu ọlá fún ẹni tí ó rán an. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ wo Dókítà Obadiah Johnson, tí ó gba oyè dókítà ìṣègùn ní Edinburgh ní 1889. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ti parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Òyìnbó, Samuel sì kú ní 1901. Dókítà kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó fi í ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun ní 1916. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde, lẹ́yìn tí Dókítà fúnra rẹ̀ ti kú. Orúkọ ta ni ó wà lórí rẹ̀ bí òǹkọ̀wé? Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Tirẹ̀ wà níbẹ̀ bí olóòtú lásán. Ó ní oyè, ó ní ànfààní, òkú kì í sì í bá alààyè jiyàn. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ òkú ṣe tirẹ̀. Ìdúpẹ́ nìyẹn.

Níti àkókò ọpẹ́, ẹ rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá. Jésù rán wọn sí àwọn àlùfáà tí yóò jẹ́rìí pé ara wọn ti dá. Bí wọ́n ti ń lọ lójú ọ̀nà ni ara wọn dá, ọ̀kan sì padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ará Samáríà ni. Kò dúró kí ìwé ẹ̀rí dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí fún ẹni tí ó wà ní ọdún kejì iṣẹ́ rẹ̀, tí owó ti tán, tí olùkọ́ sì ní kí ó tún orí mẹ́ta kọ. Òun náà jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ ríran, ọ̀rọ̀ kan sì yé e tí kò yé e lánàá. Bí ó bá di ìgbà tí wọ́n bá pè é ní Ọ̀mọ̀wé kí ó tó dúpẹ́, oyè ni ó ń dúpẹ́ lé lórí, kì í ṣe Olùfúnni.

A tún gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó dunni jù. Àwọn kan wà tí ó san owó kí ẹlòmíràn bá wọn kọ ìwé ìwádìí. Àwọn kan jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀. Bí irú wọn bá jó wá síwájú pẹpẹ, ẹbọ wo ni wọ́n mú wá? Iṣu tí a jí wú lóko aládùúgbò kò di mímọ́ nítorí pé a gbé e wá síbi ìkórè. Ẹni bẹ́ẹ̀ fi Ọlọ́run òtítọ́ ṣe ẹlẹ́rìí irọ́. Dáníẹ́lì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbàdúrà ní Bábílónì, ṣùgbọ́n wọ́n kàwé fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú, ọba fúnra rẹ̀ ni ó sì dán wọn wò. Àdúrà kò gba ipò ìwé kíkà fún wọn, kò sì lè gbà á fún wa.

Ní ìdàkejì, àwọn kan nínú ìjọ ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́ pé ìwé àkàjù ń pa ìgbàgbọ́. A kò gbà. Bọ́lájí Ìdòwú, òjíṣẹ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London. Ní 1962 ó tẹ ìwé jáde lórí bí Yorùbá ti mọ Olódùmarè. Ènìyàn lè bá a jiyàn lórí ohun tí ó kọ, ṣùgbọ́n ìwé kò lé e kúrò lórí àga ìwàásù: ní 1972 ó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà. Ìgbàgbọ́ tí ìbéèrè lè pa ti ń ṣàìsàn kí ìbéèrè tó dé.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kékeré: ẹ kọ́ ọmọ láti sọ ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ lórí ìṣirò rẹ̀, kí ẹ má sì nà án nítorí pé ó jẹ́wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dé ibi gíga lọ́la, ẹ mọ̀ pé gbèsè mẹ́ta ni ó wà nínú oyè yìí: kí ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó ràn yín lọ́wọ́, kí ẹ kọ òtítọ́, títí kan ohun tí kò yọrí sí rere, kí ẹ sì gbé ìmọ̀ náà padà, ní èdè tí yóò yé wọn, sí ìlú tí ó fún yín. Ẹni tí ó bá ti san mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ra aṣọ, kí ó pe onílù. Àwa náà yóò bá a jó.