Góòlù Ta Ni Ó Pọ̀ Jù?

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà ní ikùn mi tí n kò lè gbé mì. Láti ọdún 2014, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nínú ọgbà yìí pé, "Ta ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù nínú Ìdíje Ife Àgbáyé?", kíá ni gbogbo ẹnu yóò dáhùn pé, "Miroslav Klose, ará Jámánì, 16."

Èmi wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé Klose gbá 16 wọlé nínú ìdíje mẹ́rin, láti 2002 dé 2014, nínú eré 24. Ṣùgbọ́n Marta, ọmọ Brazil, gbá 17 wọlé nínú ìdíje márùn-ún, láti 2003 dé 2019. Ó tún kópa nínú ti 2023, kò gbá ọ̀kan wọlé níbẹ̀, eré rẹ̀ sì di 23. 17 ju 16 lọ; 23 kò tó 24. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni èyí.

Nínú ìdíje ìbéèrè-àti-ìdáhùn kan tí a ṣe ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan dáhùn pé Marta ni. Ẹ̀rín ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì fún un ní òdo. Ẹni tí ó mọ̀ pàdánù, ẹni tí kò mọ̀ gba ẹ̀bùn. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí èdè ni mo ń kọ́. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún "òun" tí í ṣe ọkùnrin, ó ní òmíràn fún "òun" tí í ṣe obìnrin. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. "Ó" ni ọkùnrin, "ó" náà ni obìnrin. "Ẹni" kò ní irùngbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò wé gèlè. Ẹni tí ó bá béèrè ní Yorùbá pé "Ta ni?", tọkùnrin tobìnrin ni ó béèrè. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin nìkan ni ó ní lọ́kàn, kí ó sọ ọ́ síta.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ìdíje ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ló dé tí ẹ fi fún ọ̀kan ní orúkọ àwọn méjèèjì? Wọn yóò tún wí pé ti ọkùnrin ti pẹ́ jù ú lọ. Òótọ́ ni: 1930 ni ti ọkùnrin bẹ̀rẹ̀, 1991 ni ti obìnrin. Ta ni ó wá dá wọn dúró? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ bọ́ọ̀lù lé obìnrin kúrò ní pápá àwọn ẹgbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní 1921. Ní Brazil, òfin ìjọba ti 1941 ni wọ́n fi dí obìnrin lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù títí di 1979. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni a bí Marta. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, kí a tún bú u pé ó pẹ́ kí ó tó dé.

Nílé wa ńkọ́? Àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà a máa ròyìn Ndaye Mulamba ti Zaire, tí ó gbá 9 wọlé nínú Ife Áfíríkà 1974. Mélòó nínú wọn ni ó ń dárúkọ Perpetua Nkwocha, ọmọ Nàìjíríà, tí ó gbá 11 wọlé nínú ti àwọn obìnrin ní 2010? Ní 2004, nígbà tí a fi 5 sí òdo na Kamẹrúùn nínú àṣekágbá, òun nìkan ni ó gbá mẹ́rin.

Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣá ti kú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà tí ó ní kí a gbé òkú ejò náà lé ọkùnrin lọ́wọ́, kí a máa kì í pé òun ni ó pa á.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ń tọrọ: "láàrin ọkùnrin". Kí ẹni tí ó bá dárúkọ Klose fi í kún un. Bí ọkùnrin kan bá sì kọjá 17, èmi gan-an yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Iye góòlù ni mo ń kà, n kò ka irùngbọ̀n.