Ọmọ Ẹni Kú Sàn Ju Ọmọ Ẹni Nù: Èsì fún Àwọn Tó Ní The Walking Dead Ń Falẹ̀ Jù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè mú kí àwọn kan fajú ro, nítorí pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, eré àwọn òkú tí ń rìn kiri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo sì fẹ́ gbèjà. Ẹ̀sùn méjì ni mo máa ń gbọ́ nípa The Walking Dead. Àwọn àgbà ní ìranù ni, kò kàn wá. Àwọn ọ̀dọ́ ní kì í ṣe ìranù, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ jù. Ẹ̀sùn kejì ni mo fẹ́ dáhùn jù, nítorí òun ló léwu jù fún iṣẹ́ wa.

Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà ti ráhùn rí. Ọmọbìnrin mi ló mú eré náà wá sílé. Sáà kìíní, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2010, kò ju abala 6 lọ, ó sì ń yára. Rick Grimes, ọlọ́pàá kan, jí ní ilé ìwòsàn tó ti dahoro, ó rí i pé àwọn òkú ti dìde, wọ́n sì ń jẹ ènìyàn. Mo wò ó tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé sáà kejì, tí gbogbo wọn kóra jọ sí oko bàbá kan tí ń jẹ́ Hershel, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n ń wá ọmọ kan tó sọ nù, mo ní kí ọmọ mi pa tẹlifíṣàn. Mo ní àwọn òǹkọ̀wé eré yìí ti gbàgbé pé eré òkú ni wọ́n ń kọ.

Kíláàsì ló dá mi padà sí i. Mo kọ òwe kan sójú pátákó pé, "Ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù." Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni ikú ṣe lè sàn? Ẹni tó sọ nù ṣì lè padà wá." Mo fún un ní ìdáhùn tí a ti ń fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jókòó. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí ọmọ inú eré tí mo ti pa tì, mo sì ní kí ọmọbìnrin mi bá mi wá a jáde.

Sophia ni orúkọ ọmọ náà. Nínú abala kìíní sáà kejì, òkú méjì lé e kúrò lójú òpópónà márosẹ̀ wọ inú igbó, a kò sì rí i mọ́. Carol, ìyá rẹ̀, ń dúró. Daryl ń wá a kiri, ó rí ọmọlangidi rẹ̀ létí odò, ó sì fara gbọgbẹ́ lórí rẹ̀. Ó já òdòdó kan wá fún ìyá ọmọ kí ìrètí rẹ̀ má baà kú. Shane ní kí wọ́n yé wá a, àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ní àkókò yìí kan náà, Hershel, tó jẹ́ dókítà ẹranko, ti ti àwọn òkú kan mọ́ inú àká ńlá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn, nítorí ó gbà pé aláìsàn ni wọ́n, wọn yóò sì gbádùn. Ní abala keje, Shane já ilẹ̀kùn àká náà, wọ́n yìnbọn pa gbogbo òkú tó jáde. Nígbà tí ariwo ìbọn dákẹ́, òkú kan ṣẹ́kù tí kò tíì jáde. Ó yọ sí wọn. Sophia ni. Inú àká ni ọmọ tí wọ́n ń wá nínú igbó wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Abala kìíní jáde ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2011. Abala keje jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ 6 gbáko ni àwọn tó ń wò ó nígbà náà fi bá Carol dúró. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ ìtàn náà, a ó lanu, a ó kígbe, a ó sì gbàgbé. Ìdúró náà ni ìtàn. Nínú rẹ̀ ni ìfìwàwẹ̀dá ti ṣẹlẹ̀: bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe wá ọmọ náà, tàbí bí ó ṣe kọ̀ láti wá a, ni a fi mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Mo wá lóye òwe tí mo ti ń kọ́ni láti ọdún pípẹ́. Kò sọ pé ikú dùn. Ohun tó ń sọ ni pé ikú ní ọjọ́, ó sì ní ibojì. Ọmọ tó nù kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin àgbà tó ní kò kàn wá, ẹ gbọ́. Lẹ́yìn ìpakúpa ẹnu àká yẹn, àwọn ẹni wọn ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sin. Wọ́n sun òkú àwọn yòókù. Ta ni yóò sọ fún Yorùbá pé ọ̀rọ̀ sísin òkú ẹni kò kàn án? Èmi kò sọ pé àkúdàáyà ni àwọn òkú wọ̀nyí. Àkúdàáyà a máa ṣòwò, a máa gbéyàwó ní ìlú òkèèrè. Ebi nìkan ló kù nínú ti inú eré yìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni: kí ni alààyè jẹ òkú rẹ̀ ní gbèsè?

Ṣé gbogbo ìfalẹ̀ ló wá dára? Rárá o. Eré náà lo sáà 11 àti abala 177 kí ó tó parí ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2022, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo lè gbèjà. Ní ìparí sáà kẹfà, ní oṣù kẹrin ọdún 2016, Negan gbé kùmọ̀ lé ẹnì kan lórí, wọ́n sì fi ojú ẹni náà pamọ́ fún wa títí di oṣù kẹwàá. Àwọn ẹ̀dá ìtàn mọ ẹni tí a lù. Àwa nìkan ni a kò mọ̀. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn. Ní ti Sophia, Carol kò mọ̀, Rick kò mọ̀, àwa náà kò mọ̀. A jọ dúró ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ibi tó ń dùn mí jù ni kíláàsì wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ ka ìwé ìtàn àpilẹ̀kọ tán mọ́. Àkékúrú ni wọ́n ń rà, tàbí kí wọ́n wá a lórí fóònù. Àwa olùkọ́ sì ń bá wọn dá a kúrú, nítorí ìdánwò ti sún mọ́lé. Àkékúrú lè sọ fún ọ pé Sophia kú. Kò lè sọ fún ọ pé ó nù. Ẹni tó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ yege nínú ìdánwò ti yege lórí ohun tí kò kà.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọmọ yìí fún wọn, díẹ̀díẹ̀ ní ìparí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀ mí kí n sọ òpin rẹ̀, mo kọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, n kò tíì wọlé tán tí wọ́n fi ń bi mí pé, "Sà, ṣé wọ́n ti rí i?" Ọjọ́ tí mo dé ẹnu àká náà, kíláàsì pa rọ́rọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí kò nawọ́. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ó sàn bẹ́ẹ̀, sà."

Kò sí àkékúrú tó lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa ka ìwé fún wọn ní orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi òpin rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìtàn pẹ́ lọ́wọ́ yín.