Ẹ Fi Ewé La Ojú Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìlọrin, àti ẹ̀yin bàbá pẹ̀lú, bí ọwọ́ ọmọ bá dilẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ má lé e síta. Ẹ ní kí ó ṣa ewé máńgòrò, ewé dóńgóyárò àti ewé àgbàdo wá, èyí tí kò tíì gbẹ.

Ẹ tẹ́ ewé sílẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, nítorí ẹ̀yìn ni iṣan ewé ti yọ jù. Ẹ fi tákàdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù tàbí èédú kun orí tákàdá náà jẹ́jẹ́. Àwòrán ewé yóò yọ. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e, kí ẹ fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

Ẹ wá bi í léèrè ohun tí ó rí. Iṣan máńgòrò pẹ̀ka bí àwọ̀n. Ti àgbàdo nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Etí ewé dóńgóyárò rí bí eyín ayùn. Ojú iṣan wọ̀nyí ni omi ń gbà dé gbogbo ara ewé.

Ẹ má pè é ní eré lásán. Ẹ rántí àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ní Dada, l'Ókèlele. Amọ̀kòkò ilẹ̀ Yorùbá a máa yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù, kí ọnà lè wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ọnà lára ṣùkù, ojú rẹ̀ là.

Nítorí náà, ẹ má fi tákàdá ọmọ yín dáná. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ tí a bá ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù kì í pẹ́ dẹ́kun iṣẹ́.