Sinfoní Karùn-ún ti Beethoven: Kleiber wo?

Àmì orí bébà kì í ṣe orin. Láti ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀pẹ 1808 tí a kọ́kọ́ gbé Sinfoní Karùn-ún ti Beethoven kalẹ̀ níwájú èrò ní Vienna, ìwé kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ olórin ń wò, síbẹ̀ ohun tí etí ń gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ onílù méjì tí wọ́n ń ki ìdílé kan náà kò ní ṣàìmọ ohun tí mo ń sọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ gbọ́ Karùn-ún, a óò bi í pé: lọ́wọ́ ta?

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ohùn kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan. Ìró yìí bá àmì lẹ́tà V mu nínú àrokò Morse, V tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ « victoire ». Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni BBC ń fi ìlù lù sí etí àwọn ará Faransé tí ń yọ́ gbọ́ rédíò lábẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì. Orin ọmọ Jámánì ni a fi ń bá Jámánì wí!

Arthur Nikisch àti ẹgbẹ́ olórin Philharmonic ti Berlin gbà á sílẹ̀ tán ní 1913. Ó ń dún bí ẹni pé inú akèrègbè ni wọ́n wà. Ẹ gbọ́ ọ nítorí ìtàn. Ti Wilhelm Furtwängler, ní Berlin, oṣù Èbìbí 1947, wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́yìn ogun kí wọ́n lè wádìí ohun tí ó wà láàárín òun àti ìjọba Nazi. Sinfoní yìí wà lára ohun tí ó fi padà síwájú àwọn ará ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìyẹn kò lè fi etí lásán gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò ní fi í lé ẹni tí ń gbọ́ Karùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́.

Ti Carlos Kleiber pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin Philharmonic ti Vienna, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1974, ni èmi yóò fún un. Erich, bàbá Carlos, jẹ́ olùdarí orin olókìkí tí ó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní Berlin ní 1934 nítorí pé ìjọba Nazi ń dínà mọ́ orin tuntun. Ẹbí náà dé Argentina, níbi tí Karl kékeré ti di Carlos. Bàbá kò fẹ́ kí ọmọ ṣe iṣẹ́ orin; kẹ́místírì ni ó ní kí ó lọ kọ́ ní Zurich. Ọmọ padà sídìí orin. Ní 1953, bàbá gba Karùn-ún tirẹ̀ sílẹ̀ ní Amsterdam. Ọdún 21 lẹ́yìn ìyẹn, bàbá ti kú, ọmọ wá dojú kọ ìwé kan náà.

Ẹ fetí sí apá kìíní: ó ń sáré, kò sì tẹ ohùn kankan mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ á dákẹ́ lójijì, oboe kan ṣoṣo á sọ̀rọ̀ díẹ̀ bí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ wá dúró de ìparí apá kẹta. Ìlù ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́, àwọn fayolíìnì ń gòkè díẹ̀díẹ̀; láìsí ìsinmi, apá kẹrin ya wọlé pẹ̀lú trombone, tí kò tíì fọhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kleiber méjì ni ẹ óò rí, nítorí náà ẹ wo orúkọ àkọ́kọ́ àti ọdún dáadáa. Ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ fi « écouteurs » sí etí. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ti bàbá, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ óò gbọ́ ọ nínú ti ọmọ. Èmi gbọ́ ọ, pàápàá ní apá kìíní.