Onífọ́tò Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ wọn ṣọ́ọ̀bù yín kí ẹ tó ra lẹ́ńsì

Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú dáadáa, àwọn onífọ́tò ti ń jáde ní Bàrígà. Èyí ń sáré lọ síbi ìgbéyàwó ní Ládi-Lak, èyí ń lọ síbi ìkómọ ní Pedro, òmíràn sì ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń retí ìyá tó fẹ́ ya fọ́tò ọmọ tó pé ọdún kan. Kámẹ́rà DSLR ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, tòkunbọ̀ sì ni èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu kámẹ́rà náà kì í sábà yàtọ̀ síra: 18-55mm ni, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà fi sínú páálí, tí wọ́n tà á pọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́ńsì yìí kò burú, ó ti bọ́ ìyàwó àti ọmọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníbàárà á na fọ́ònù àbúrò rẹ̀ síta, tí á ní kí onífọ́tò wo bí ẹ̀yìn àwòrán ibẹ̀ ṣe rí bàìbàì tí ojú èèyàn sì dá ṣáká, tí á wá béèrè ìdí tí èyí tí òun sanwó fún kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì tuntun ti ń wọlé. Bí onífọ́tò náà bá fọ̀rọ̀ lọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́nu wọn: lọ ra 50mm, f/1.8. Ìmọ̀ràn gidi ni fún ẹlòmíràn. Fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, owó tó máa lọ sùn nínú àpò kámẹ́rà ni.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn 50mm yìí kò fara sin. Àkọ́kọ́ ni owó rẹ̀. Nígbà tí Canon gbé èyí tí wọ́n ń pè ní STM jáde ní oṣù Karùn-ún 2015, dọ́là 125 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ìkejì ni ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé lẹ́tà f ló ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe lè là tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ojú náà ń là tó. Bí wọ́n bá fa 18-55mm dé 55, kò lè là ju f/5.6 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú f/1.8 wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, níbi tí lẹ́ńsì àtijọ́ ti máa fipá mú onífọ́tò gbé ISO dé 6400, tí àwòrán á máa rí bí ẹni da iyanrìn sí i, nǹkan bíi 640 lè tó fún 50mm. Ẹ̀yìn á sì tún yọ́ dáadáa. Ó tiẹ̀ ju ti fọ́ònù lọ, nítorí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ni fọ́ònù fi ń ṣe tiẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń gé etí gèlè dànù pẹ̀lú ẹ̀yìn náà.

Gbogbo èyí, òótọ́ ni. Ibi tí wàhálà wà ni ògiri. Ọ̀pọ̀ DSLR tí kò wọ́n púpọ̀, bíi Canon 600D tàbí Nikon D3100, ohun tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú wọn kéré sí fíìmù ayé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí 50mm fi ń ṣe bíi 80mm lórí irú Canon bẹ́ẹ̀, tó ń ṣe bíi 75mm lórí Nikon. Bí onífọ́tò bá fẹ́ kí àgbàlagbà kan tó dìde dúró wọlé tán, láti fìlà dé bàtà, àfi kó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 jìnnà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé kámẹ́rà dúró lóòró. Ẹni tí wọ́n ń yà náà kò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lé aṣọ ògiri, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjìji rẹ̀ á máa tẹ̀lé e. Kí onífọ́tò fúnra rẹ̀ náà tún ríbi dúró sí. Ó ti ń lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 20 báyìí. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló gùn tó bẹ́ẹ̀ ní òpópónà Jagunmólú? Bó bá wá jẹ́ mọ̀lẹ́bí tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ tí wọ́n sì fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 29 ni 50mm ń béèrè. Onífọ́tò á ti wà lójú títì, tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá á máa fọn fèrè sí i lẹ́yìn.

Àwọn kan á ní kí wọ́n yà á dé àyà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ èyí kò mọ oníbàárà rẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí iṣẹ́ fọ́tò láàárín àwọn Yorùbá, kọ̀wé ní 1978 nípa irú fọ́tò tó níyì lójú wọn: kí ẹni náà dojú kọ kámẹ́rà, kó jókòó dáadáa, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kó wọ aṣọ tó dára jù lọ lára tiẹ̀, kí gbogbo ara rẹ̀ sì hàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìyá tó sanwó aṣọ ẹbí, tó tún wá bàtà àti báàgì tó bá a mu, kò sanwó kí wọ́n gé e sí méjì. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni, "Bọ̀dá Fọ́tò, ṣé bàtà mi hàn ṣá?"

Èyí kò ní kí 50mm má níbi tó ti wúlò. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG bá ń ṣe ayẹyẹ ìgbaniwọlé ní Akọ́kà, tí ilẹ̀ tẹ́jú, tí kò sí ògiri tó ń dènà ẹnikẹ́ni, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni wọ́n ń yà pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú tó lè bá a díje. Bákan náà ni fún onífọ́tò tó jẹ́ pé àwọn tó ń kun ojú ìyàwó, àwọn tó ń we gèlè àti àwọn onídìrí ló ń gbé iṣẹ́ fún un. J.D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tó ṣaláìsí ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya oríṣiríṣi irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, orí àti ọrùn ló sì kún inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gba ààyè. Pẹ̀lú 50mm, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà ti tó láti ya orí dé èjìká.

Fún ẹni tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù àti pálọ̀ àwọn èèyàn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, lẹ́ńsì tó kúrú ju 50 lọ ló yẹ kó wá. Nikon ní 35mm f/1.8 tí wọ́n dìídì ṣe fún irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ láti 2009. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àti díẹ̀ ló ń béèrè láti gba odindi èèyàn. Canon ní 24mm f/2.8 kan tó pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jáde ní 2014, ẹsẹ̀ bàtà méje sì tó fún un. Ẹni tó bá ń lọ sóde àríyá ní tiẹ̀, tó ń ya ìyàwó nísinsìnyí tó sì tún ń ya ẹgbẹ́ ìyá ọkọ ní ìṣẹ́jú kejì, kò ráyè máa yọ lẹ́ńsì kan kó máa fi òmíràn sí i lábẹ́ kánọ́pì. 17-50mm f/2.8 tí Tamron àti Sigma ṣe ni kó máa tọ́jú owó dè. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí 18-55mm ń gbà níbi tí wọ́n fà á gùn dé, mọ̀lẹ́bí tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin sì lè wọ inú rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Àlébù kan wà níbẹ̀ o. Bí lẹ́ńsì bá kúrú tó 17, ẹni tó dúró sí etí máa ń fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ìyá ìyàwó kọ́ lẹ́ni tí wọ́n ń fi síbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta lẹ́ńsì kì í sọ. Èèyàn kò lè fi f/1.8 ya ọ̀wọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ojú àwọn tó wà níwájú bá mọ́, tàwọn tó wà lẹ́yìn á máa rí bàìbàì. Onífọ́tò á ní láti dín ojú lẹ́ńsì kù dé f/5.6 tàbí f/8, ó sì ti padà síbi tí lẹ́ńsì àtijọ́ wà nìyẹn. Fíláàṣì ló ń gbani sílẹ̀ níbẹ̀, pàápàá èyí tí orí rẹ̀ ń yí, tí wọ́n lè kọjú rẹ̀ sí àjà funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè rọra bọ́ sílẹ̀ sára àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá lẹ́ńsì kiri, fíláàṣì gan-an ni kò ní.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èyí tó bá iṣẹ́ òun mu? Ọ̀nà kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Gbogbo fọ́tò tí DSLR bá yà ló máa ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n fa lẹ́ńsì dé sí ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè fi hàn. Kí onífọ́tò ṣí iṣẹ́ oṣù méjì tó kọjá, kó wo àwọn tí oníbàárà sanwó lé lórí, kó sì kà wọ́n. Bó bá jẹ́ pé 18 sí 30 ló pọ̀ jù níbẹ̀, kí ló fẹ́ fi 50mm ṣe? Ó sì tún lè fa 18-55mm rẹ̀ dé 50, kó lẹ sẹlotéèpù mọ́ ọn kó má bàa yí, kó wá fi ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́. Kó tó di ọ̀sán, ògiri á ti fún un lésì.

Owó ló fà á tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní 2015 tí 50mm Canon yẹn jáde, bí wọ́n bá fi iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là nígbà náà ṣírò dọ́là 125, nǹkan bíi ₦25,000 ni. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí 2024 máa fi parí, ó ti ju ₦1,500 lọ, dọ́là 125 kan náà sì ti lé ní ₦187,000, láì tíì ka owó ọkọ̀ àti èrè ẹni tó gbé e wọlé. Owó àjọ nìyẹn, tàbí owó ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá ṣì í rà, ọ̀nà tó máa gbà kó o padà ni pé kó tà á ní àtàpadànù.

Nítorí náà ni kò ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí pé òun rí 70-200mm f/2.8 lọ́rùn onífọ́tò ńlá kan ní Ikoyi kó lọ jẹ gbèsè. Canon ń ta ọ̀kan nínú rẹ̀ ní dọ́là 2,499 lọ́dún 2010. Lórí kámẹ́rà kékeré, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 kó tó lè gba odindi èèyàn níbi tó kúrú sí jù lọ. Fún ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kó yá a lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í háyà, kó sì ṣírò owó náà mọ́ ti oníbàárà.

Àwọn mìíràn á ní kámẹ́rà tuntun ni káwọn kọ́kọ́ rà. Ní Ṣómólú tí àwọn atẹ̀wé kún fọ́fọ́ yìí, àwọn ló yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn. Canon 600D, tó jáde ní 2011, lè tẹ fọ́tò tó gùn ní íńṣì 17 tó sì fẹ̀ ní íńṣì 11, kó sì dá ṣáká. Bó bá rí bàìbàì níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́ńsì tàbí ọwọ́ tó gbọ̀n. Lẹ́ńsì a sì tún máa pẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Láti 2018 tí Canon ti gbé EOS R tí kò ní dígí nínú jáde, lẹ́ńsì EF àti EF-S àtijọ́ ń bá a ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fi irin ìsopọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ti wá mọ èyí tó fẹ́ lè gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ, ṣùgbọ́n kó gbé kámẹ́rà tirẹ̀ dání. Nikon D3100 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń yí lẹ́ńsì nínú; bí wọ́n bá ta èyí tí wọ́n kọ AF lásán sí lára fún un, tí kì í ṣe AF-S, ọwọ́ ni á máa fi yí i kí ojú tó mọ́. EF-S ti Canon kò sì lè wọ 5D tàbí 6D rárá. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kó la ojú lẹ́ńsì náà sílẹ̀ pátá, kó tan tọ́ọ̀ṣì fọ́ònù láti ẹ̀yìn rẹ̀, kó wò ó bóyá nǹkan bí okùn aláǹtakùn ti ń hù nínú dígí rẹ̀. Ọ̀rinrin ló ń fa èyí, Bàrígà tó wà létí ọ̀sà kò sì ní mú un sàn. Kó fi ya ojú ẹni tó ń tà á, kó fa fọ́tò náà tóbi lójú kámẹ́rà, kó sì wò ó bóyá irun ojú rẹ̀ ṣeé kà, kó tó yọ owó.