Iná Mànàmáná fún Alárùn Rọpárọsẹ̀
Àwọn òǹkàwé wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń bi wá léèrè bóyá òtítọ́ ni pé iná mànàmáná lè jí apá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa. Òtítọ́ díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ní 1985, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anthony Barker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi agbára òòfà dá iná kékeré sílẹ̀ nínú ọpọlọ ènìyàn láti òde agbárí, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ọwọ́ ẹni náà sì mira. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń dán irú èyí wò pọ̀ mọ́ fisiọtẹ́rápì, kí ọpọlọ lè tètè gba ẹ̀kọ́ tí apá ń kọ́. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí apá kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ kankan, kí ni ọpọlọ yóò gbà?

Nítorí náà ni ó ṣe ń dùn wá láti rí ìdílé tí ó tẹ́ bàbá sórí ẹní, tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí wọ́n ń retí ẹ̀rọ òkè òkun. Ẹ gbé bàbá lọ sí ẹ̀ka fisiọtẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, kí ẹ má sì ṣíwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. (Ẹni mẹ́rin ni ó gbé ẹlẹ́gbà inú Ìhìnrere Máàkù dé orí òrùlé, ọ̀nà Ìdí-Abà kò le tó bẹ́ẹ̀.) Nílé, bí ìka bá ti lè mira díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ náà di ife mú, bí omi tilẹ̀ ń dà sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe so wáyà bátìrì mọ́ ọn lórí.